Ó ń sáré bí ẹtu, ṣùgbọ́n sack rẹ̀ kò pọ̀: ìpele wo ni kí n fi ọmọ yìí sí nínú draft?

Bàbá Mórẹ́nikẹ́ (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i dáadáa, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parí sáà wọn.

Nílé wa, gbogbo ọjọ́ Sátidé láti oṣù kẹsàn-án lọ ni èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Tó bá di oṣù kẹrin tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a gbowó, fẹ́ mú ọmọ tuntun láti kọ́lẹ́ẹ̀jì (draft nìyẹn), oníkálukú wa á kọ orúkọ méjìlélọ́gbọ̀n sílẹ̀: ta ni yóò lọ ní ìpele kìíní, ẹgbẹ́ wo ni yóò sì mú un. Ọdún mẹ́fà rèé tá a ti ń ṣe é, ibi kan náà ni mo sì máa ń ṣì sí lọ́dọọdún: àwọn ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ lé quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, àwọn tí wọ́n ń pè ní edge. Èyí tí mo bá gbé ga á já wálẹ̀. Èyí tí mo bá fojú fò, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ pè.

Lọ́dún yìí, ọmọ kan wà tí mò ń wò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni, àwọn kan lára wa sì mọ òbí rẹ̀. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ó ń sáré bí ẹtu. Ṣùgbọ́n sack, ìyẹn mímú quarterback balẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, mẹ́ta péré ló ní ní gbogbo sáà. Mórẹ́nikẹ́ ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní kí n má fi í sí ìpele kìíní rárá. Ọkàn tèmi ní kí n fi í sí i. Kí ni ẹ̀yin máa ń wò lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ṣé iye sack ni, àbí eré sísá, àbí nǹkan mìíràn wà tí ojú mi kò rí?

Ọmọ Ravens (Baltimore)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sí ìpele kìíní, ẹ má mikàn. Ẹ wo Odafe Oweh. Ní sáà 2020, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Penn State, òdo ni sack rẹ̀. Kò mú quarterback kan ṣoṣo balẹ̀. Síbẹ̀ Ravens, ẹgbẹ́ Baltimore wa, mú un ní ìpele kìíní lọ́dún 2021, nọ́ńbà 31 nínú àwọn tí wọ́n pè. Nígbà tó di 2024, ó ní mẹ́wàá fún wa. Ẹni tó bá wo iye sack nìkan ì bá ti ju ọmọ yẹn nù.

Màmá Ìbejì (Atlanta)

Ọmọ Ravens, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n o kò sọ ọ́ tán. Sáà 2020 yẹn, àrùn Kòrónà ló gé e kúrú, ìdíje tí Oweh gbá kò pọ̀ rárá. Kó sì tó ní sack mẹ́wàá, ó ti di ọdún kẹrin rẹ̀ ní Baltimore. Ẹgbẹ́ tó bá lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ fún.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú apá kejì ọ̀rọ̀ náà wá. Vernon Gholston, Ohio State, 2008. Ara ọmọ náà dà bí ère tí wọ́n gbẹ́, ibi gbogbo tí wọ́n ti dán agbára àti eré rẹ̀ wò ló ti pegedé. Kì í sì í ṣe pé kò ní sack o: ó ní mẹ́rìnlá ní sáà ìkẹyìn rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Jets mú un ní nọ́ńbà 6. Ó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn, kò rí sack kan ṣoṣo. Ẹ ò rí i pé àti eré sísá àti iye sack, méjèèjì ló tan àwọn Jets.

Ti Terrell Suggs yàtọ̀. Ó ní sack 24 ní Arizona State lọ́dún 2002. Nígbà tó sáré níwájú àwọn scout, àwọn tó ń yẹ ọmọ wò fún ẹgbẹ́, ṣáájú draft, kò yára tó bí wọ́n ṣe ń retí, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn kan. Ravens mú un ní nọ́ńbà 10 lọ́dún 2003. Sack 139 ló fi jáde nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ Ravens, ṣebí ẹgbẹ́ tìrẹ nìyẹn, o yẹ kó o rántí.

Ọmọ Ravens (Baltimore)

Mo rántí, mà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n má fi sack nìkan dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́.

Kóòṣì Àkúrẹ́ (Dallas)

Ẹ kú ìjíròrò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí, àwọn tó ń gbá níwájú gan-an ni wọ́n fi sábẹ́ mi. Bí mo ṣe máa ń wò wọ́n rèé.

Bàbá Mórẹ́nikẹ́, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin, ọmọ náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò nílẹ̀, ṣé òun ló kọ́kọ́ ṣí, àbí ó ń wo ẹnìkejì kó tó ṣí? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọwọ́. Tackle, ẹni tó ń dáàbò bo quarterback, tó dojú kọ ọ́ fẹ́ gbá a láyà mú. Ọmọ tó mọṣẹ́ á ti gbá ọwọ́ yẹn dànù kó tó kàn án lára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé àyà fún un, ibẹ̀ sì ni eré rẹ̀ parí sí, bó ti wù kó yára tó.

Ẹ wá wo kọ́nà. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èrò ìwòran kì í rí. Tó bá dé ẹ̀gbẹ́ tackle, ṣé ó lè tẹ orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ kó sì yà wọlé láì dín eré kù? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé lójú ọ̀nà tó tọ́ ni eré wọn wà. Tó bá di kọ́nà, wọ́n á gba ẹ̀yìn quarterback kọjá lọ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Eré sísá yáàdì 40 tí wọ́n fi ń dán wọn wò kò lè fi ìyẹn hàn yín, nítorí kò sí kọ́nà nínú yáàdì 40.

Ohun tí èmi fúnra mi máa ń wò jù ni ohun tó ń ṣe nígbà tí ọgbọ́n àkọ́kọ́ bá kùnà. Quarterback kì í sábà di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Láàárín àkókò kékeré yẹn, ṣé ọmọ náà ní ọgbọ́n kejì, àbí ó kàn ń ti ẹni ẹlẹ́ni títí àwọn adájọ́ á fi fọn fèrè?

Ní ti sack, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló jẹ́ bákan náà. Òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́nà, ó kàn rìn wọlé ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé quarterback ń sá fún ẹlòmíràn ló bá já sí i lọ́wọ́. Òmíràn sì wà tí òun fúnra rẹ̀ bá tackle jà, tó borí, tó sì mú ẹni tó ń lé. Èyí ìkẹyìn yìí ló máa bá a dé NFL. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè borí tackle nígbà mẹ́wàá, kí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ quarterback nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òdo ni ìwé máa kọ fún un.

Nítorí náà, ẹ mú bébà àti gègé. Ẹ wá ìdíje mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó ti kojú tackle tí àwọn NFL fẹ́ mú òun náà. Ìgbàkígbà tó bá lé quarterback, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ó borí, kò borí, tàbí ẹni méjì ni wọ́n fi dí i. Ẹ tún béèrè iṣẹ́ tí kóòṣì rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó jẹ́ pé dídúró gbọn-in láti dí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré ni wọ́n ń fi edge wọn ṣe, sack á kéré lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀.

Ṣẹ́gun Peckham (London)

Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ọdún méjì péré ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù yìí láti ibí. Ohun kan ń rú mi lójú: kí ló dé tí wọ́n fi ń wọn gígùn apá ọmọ ènìyàn? Mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí íńṣì kan bí ẹni tó ń jiyàn lórí ilẹ̀.

Kóòṣì Àkúrẹ́ (Dallas)

Ṣẹ́gun, ẹni tí apá rẹ̀ bá gùn ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹnìkejì, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kanni ló ń darí ìjà. Pàápàá jù lọ, tackle ni wọ́n máa ń fi ìyẹn wò. Lọ́dún 2023, Peter Skoronski ti Northwestern wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ tackle jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò tó íńṣì 33. Titans mú un ní nọ́ńbà 11, wọ́n sì gbé e lọ sí guard, ipò tó wà lápá inú tackle, níbi tí apá kúkúrú kò ti pani lára tó bẹ́ẹ̀. Íńṣì kan ṣoṣo lè yí ipò ọmọ padà láì yí ìpele rẹ̀ padà.

Àlàbí (Indianapolis)

Ìlú tèmi ni wọ́n ti ń ṣe combine, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ṣáájú draft, mo sì fẹ́ gbèjà eré sísá díẹ̀. Ẹ rántí Adetomiwa Adebawore, Northwestern náà ni, ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ wa lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Lọ́dún 2023, ó wúwo tó páùn 282, ó sì sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ quarterback kò yára tó bẹ́ẹ̀, ìdajì ìwúwo rẹ̀ ló sì kù díẹ̀ kí wọ́n ní! Mo dìde lórí àga mi lọ́jọ́ náà. Colts wa mú un ní ìpele kejì, eré yẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Màmá Ìbejì (Atlanta)

Àlàbí, inú mi dùn sí ọmọ náà bíi tìrẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká tún un ṣe. Ìpele kẹrin ni wọ́n mú un, nọ́ńbà 110. Ti ìwúwo yẹn náà, wọ́n kì í fi páùn 141 gba bọ́ọ̀lù ní NFL. Ohun tó yẹ kó o rí níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ló rí 4.49 yẹn pẹ̀lú ojú ara wọn, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kó dé ìpele kẹrin. Lójú tèmi, ipò ló fà á. Kò ga tó edge, kò sì wúwo tó àwọn tó ń dúró láàárín. Eré sísá kò lè dáhùn ìbéèrè "ibo la máa fi í sí?"

Àlàbí (Indianapolis)

Ẹ ṣeun mà, ẹ má bínú. Ẹni tí mo ní lọ́kàn ní ìpele kejì ni Dayo Odeyingbo, nọ́ńbà 54 lọ́dún 2021. Colts kan náà ló da méjèèjì pọ̀ mọ́ mi lórí. Ọ̀rọ̀ ìwúwo yẹn, àsọdùn ni, mo gbà.

Bàbá Chicago

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti wà ní ìlú yìí kí ọ̀pọ̀ yín tó dáyé, mo sì rántí ìgbà tó jẹ́ pé a kì í gbọ́ orúkọ ọmọ Nàìjíríà kankan nínú bọ́ọ̀lù yìí. Lẹ́yìn náà ni Christian Okoye dé. Ọmọ Enugu ni, díìsì jíjù ló gbé e wá sí Azusa Pacific ní California. Nígbà tí Nàìjíríà kò mú un lọ sí Òlíḿpíìkì 1984 ló tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ o, àgbàlagbà ọkùnrin tí kò gbá a rí láyé rẹ̀. Chiefs mú un lọ́dún 1987 ní ìpele kejì, nọ́ńbà 35. Nígbà tó di 1989, kò sí ẹnì kan ní gbogbo NFL tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jù ú lọ: yáàdì 1,480. Àwa tá a wà níbí nígbà yẹn, a máa ń pe ara wa lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú láti sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ìgbò, Yorùbá, Ẹdó, gbogbo wa.

Bàbá Mórẹ́nikẹ́, ìbéèrè mi ni pé: ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún méje tó sì ní sack mẹ́ta, àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ní sack mẹ́ta, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ wo Adewale Ogunleye tiwa, tó wá gbá fún Bears níbí. Ìpele keje ni wọ́n mú un, ẹ sì rí ohun tó dà.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ (Maryland)

Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ yín. Ogunleye, kò sí ẹgbẹ́ tó mú un rárá lọ́dún 2000. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ ní Indiana, gbogbo ìpele méje kọjá lórí rẹ̀, kí Miami tó pè é lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí. Lọ́dún 2003, ó ní sack 15 fún wọn, kò sí ẹni tó jù ú lọ ní AFC, ìdajì NFL. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá bá yín ní Chicago.

Ìdí tí mo fi dá sí i nìyẹn. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ dókítà. Ohun tó wúwo jù ní combine kì í ṣe èyí tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn wá. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ló ń tú àwọn ọmọ wọ̀nyí wò, eegun kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń wo fọ́tò inú orúnkún àti èjìká, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe. Àwa kì í rí ìwé yẹn. Tí ọmọ tí ẹ fọkàn tán bá ń já wálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ draft tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀, èmi, orúnkún ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Àlàbí ti dárúkọ Odeyingbo. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní oṣù kìíní 2021, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú draft, níbi tó ti ń múra sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ iṣan yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó ń san ní kíákíá, agbára títa ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀, ohun tí edge fi ń jẹun sì nìyẹn. Colts ṣì mú un ní ìpele kejì. Wọ́n rí ìwé dókítà, wọ́n sì gbà pé yóò san. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wà lórí pápá.

Nítorí náà, ẹ wádìí iye ìdíje tí ọmọ yín pàdánù láàárín ọdún mẹ́ta, àti bóyá ibì kan náà ló ń dùn ún léraléra. Ìyẹn wà nínú ìwé ìròyìn. Ẹ lè rí i.

Tóbi (Brooklyn)

Gbogbo ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkàn náà ní àyè. Josh Allen, quarterback Wyoming: nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó jù, bíi 56 ló ń bá ẹni tó yẹ. Àwọn oníṣirò ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bills mú un ní nọ́ńbà 7 lọ́dún 2018, ó sì gba MVP, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, fún sáà 2024. Ẹni tó gba ojú rẹ̀ gbọ́ ló jàre.

Kóòṣì Àkúrẹ́ (Dallas)

Tóbi, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo kì í sọni di wòlíì. JaMarcus Russell ti LSU náà ní ọwọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn, ojú gbogbo ènìyàn ló gbà á gbọ́. Raiders fi nọ́ńbà 1 mú un lọ́dún 2007, nígbà tó di 2010 wọ́n ti jẹ́ kó lọ. Tí o bá fi Allen ṣe òfin, wàá kó bíi Russell márùn-ún kó o tó tún rí Allen kan. Kí ló dé tí o kò fi quarterback Brock Purdy ṣe àpẹẹrẹ? Òun ni wọ́n mú gbẹ̀yìn pátápátá lọ́dún 2022, nọ́ńbà 262, òun sì ni quarterback tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní oṣù kejì 2024. Kò sí nǹkan ìyanu kan lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Orí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ kíákíá.

Tóbi (Brooklyn)

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n quarterback Shedeur Sanders ńkọ́? Lọ́dún 2025, ọ̀pọ̀ wa ló fi í sí ìpele kìíní. Ó dé nọ́ńbà 144 kí Browns tó pè é. Kì í ṣe orúnkún, mà.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ (Maryland)

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe orúnkún. Yàrá mìíràn tún wà tí wọn kì í jẹ́ ká wọ̀ nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Mi ò lè dá ọmọ náà lẹ́jọ́ lórí ohun tí mi ò gbọ́ tó sọ.

Ìyá Olówó Orí Pápá (Houston)

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Ó wù mí kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Aṣojú tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún un jókòó sí pálọ̀ mi, ó jẹ ìyán mi, ó ní ìpele kẹrin ni ọmọ yìí máa lọ, tó bá burú jù, ìkarùn-ún. A pe ẹbí jọ fún ọjọ́ kẹta draft. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Dallas. A wo gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, orúkọ kan lẹ́yìn òmíràn. Wọn kò pè é. Ohun tí mo rántí jù ni pé òun ló ń tù mí nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ báyìí tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Gbogbo ìpele méje, orúkọ tí wọ́n ń pè kò ju bíi 260 lọ. 257 ni lọ́dún 2024. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dọọdún pọ̀ ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Ẹni tí wọn kò pè, fóònù rẹ̀ lè dún kí draft tó tutù, òun á sì lè yan ẹgbẹ́ tí àyè ti wà fún un. Àwọn kan tiẹ̀ ní èyí sàn ju ìpele keje lọ, níbi tí ẹgbẹ́ ti yan ọ́ láì bi ọ́. Wọ́n á wá kó ènìyàn 90 jọ sí ibùdó, 53 ló máa kù. Ọmọ mi dé ibùdó, kò sí lára 53. Dare Ogunbowale náà, kò sí ẹni tó mú un lọ́dún 2017 nígbà tó jáde ní Wisconsin, ó sì pẹ́ nínú iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀yin ará Houston, ṣé ẹ rántí ìdíje Tampa Bay lọ́dún 2023? Ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Texans ṣèṣe, Ogunbowale tó jẹ́ asáré lásán ló jáde, ló gbá a wọlé, a sì fi 39 sí 37 borí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Bàbá Mórẹ́nikẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ kò dárúkọ ọmọ yẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ka ohun tá à ń kọ. Tèmi ń ka á lóru, mo máa ń rí iná fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ṣé ó pọn dandan kí ọmọ náà jáde lọ́dún yìí? Olu Fashanu ti Penn State lè ti jáde fún draft 2023, àwọn ènìyàn ń fi í sí ìpele kìíní. Ó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún kan sí i. Jets mú un ní nọ́ńbà 11 lọ́dún 2024. Àwọn tí wọn kò tíì parí lè béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ NFL kí wọ́n tó pinnu, ohun mẹ́ta péré ni ìgbìmọ̀ náà sì máa ń sọ: ìpele kìíní, ìpele kejì, tàbí "dúró sí ilé ẹ̀kọ́". Láti oṣù keje 2021 tí wọ́n ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ pawó, dídúró kò nira bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bàbá Chicago

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ náà ńkọ́ báyìí?

Ìyá Olówó Orí Pápá (Houston)

Ó wà dáadáa, sà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù nítòsí San Antonio, ó sì ti gbéyàwó. Ẹ ṣeun.

Bàbá Mórẹ́nikẹ́ (Houston)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà. Ìyá, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, èmi àti ìyàwó mi.

Mo ṣe ohun tí kóòṣì sọ. Èmi àti Mórẹ́nikẹ́ mú bébà, a wo ìdíje mẹ́ta látòkèdélẹ̀, a ń dá a dúró, a ń dá a padà. Ìgbà 84 ni ọmọ náà lé quarterback. Ó borí tackle nígbà 17. Nígbà 11, ẹni méjì ni wọ́n fi dí i. Sack kan ṣoṣo ló rí nínú gbogbo rẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ti lọ. Èyí dùn mọ́ mi nínú, mo ní mo ti jàre. Àṣé ó ku díẹ̀. Nínú 17 yẹn, 13 ló jẹ́ ọgbọ́n kan náà: ó fi eré gba ìta kọjá. Tackle tó bá ti mọ̀ ọ́n tó fà sẹ́yìn dè é, ọmọ náà kò ní ọgbọ́n kejì. Nínú ìdíje tó bá tackle tí wọ́n fẹ́ mú pàdé, ìgbà 29 ló lé quarterback, méjì péré ló borí.

Bàbá Chicago, mo béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló ń gbá tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì, kò pàdánù ìdíje kankan ní ọdún méjì. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìpele kejì. Mórẹ́nikẹ́ ní ìkẹta.

Kóòṣì Àkúrẹ́ (Dallas)

Iṣẹ́ gidi lẹ ṣe yìí. Ẹ bá mi wo nǹkan kan sí i: nínú 17 yẹn, mélòó ló ṣẹlẹ̀ ní apá kejì ìdíje?

Bàbá Mórẹ́nikẹ́ (Houston)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin màmá. Mórẹ́nikẹ́ ni mò ń kọ ọ́, bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti ń kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan nígbà tá à ń kà á, nítorí ó jọ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Nínú 17, mẹ́tàlá ló wà ní apá kìíní. Mẹ́rin ní apá kejì, kò sì sí ọ̀kankan ní ìdá kẹrin. Orúnkún rẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́ tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó ń nàró ni, ìgbà yẹn ni tackle ń rí àyà rẹ̀ gbá mú. Mo rò pé ìyẹn ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàárín ìsinsìnyí sí oṣù kẹrin. Ìpele kẹta ni mo fi í sí, mi ò tíì yí i padà, sà.